Bí Mo Ṣe Tọpa Àsíá Pupa Dé Ìlú Ó-Jọ-Ó-Jọ

Ẹ sún mọ́ abẹ́ igi yìí, kí òjò tó ń ṣú bọ̀ yẹn má bàa lé yín kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, kó lọ bá olóyin. Èmi Ọdẹ́níkẹ̀ẹ́ kò lọ sílé ìwé. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ni mo dúró sí tí mo fi mọ lẹ́tà, àtìgbà náà ni mo sì ti rí i pé ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, nǹkan kan ló ń bò mọ́lẹ̀. Bí mo bá ní mo rí i, mo rí i.

Èmi ni mo pa ẹfọ̀n lójú ọ̀sán gangan létí odò. Òótọ́ ni pé ẹfọ̀n náà ń tiro. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, èwo lẹ ti pa rí, èyí tó ń tiro àbí èyí tí kò tiro?

Akínlàbí, má sùn. Ìtàn yìí kàn ọ́.

"Mi ò sùn, Ìyá Ọdẹ. Ojú ni mo dì."

Ohun tí ẹran máa ń sọ nìyẹn kí ìbọn tó dún.

Bí ẹnì kan bá wà níbí tí kò mọ Bàbá Ọdẹ́rìndé, kó gbọ́ pé òun ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń sun ìjálá ní agbègbè yìí. Nígbà tí wọ́n ní obìnrin kì í ṣọdẹ, òun ló ní ẹran tó bá fẹ́ sá kì í dúró wò bóyá akọ ló ń bọ̀ tàbí abo. Ó kọ́ mi níbọn, ó kọ́ mi lóhùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀.

"Níkẹ̀ẹ́," ó ní, "àwọn ọmọ mi ti fọ́n ká bí òwú àràbà. Wọn ò ní lè wálé wá sin mí. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣípà mi láìsí ìrèmọ̀jé, kí àwọn ọmọ náà sì gbọ́ ọ níbi tí wọ́n bá wà."

Mo ní mo gbọ́. Ìrèmọ̀jé ni àwa ọdẹ fi ń sin ara wa. Ọjọ́ ìṣípà, ìyẹn ọjọ́ tí a bá kó ẹrù ọdẹ òkú lọ sínú igbó láti yà á kúrò láàrin wa, ni a máa ń sun ún. Ọdẹ tí a kò bá sun ún fún, ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni yóò dúró sí, gbogbo ẹran tó ti pa yóò sì yí i ká, wọn á máa wò ó.

Ọ̀fun mi ti bàjẹ́ nígbà náà. Èéfín ẹ̀tù àti ọyẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Bí mo bá lanu kọrin, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún ni. Ẹni kan ṣoṣo tó tún lóhùn lẹ́yìn Bàbá jókòó síbẹ̀ yẹn, ó di ojú. Ọwọ́ Bàbá ló ti kọ́ ìjálá. Àmọ́ ní ọjọ́ ọdún kan, níwájú àwọn àna rẹ̀, ó gbé oríkì ọ̀bọ fún ẹkùn, Bàbá sì já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mọ òfin wa. Bí ẹni tó ń sun ìjálá bá ṣìṣe, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀ kó tún un ṣe. Kì í ṣe ìjà. Ẹni tó gbọ́ àṣìṣe tó dákẹ́ ló ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Akínlàbí bínú, ó ní láyé láyé, òun kò ní sun ohunkóhun fún Bàbá, ìbáà kú, ìbáà yè.

"Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín," Akínlàbí ní. "Bàbá ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ ẹmu nù."

Ẹkùn náà rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Mo lọ bá Mọríyámọ̀, obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Mo ní mo ń wá ohùn.

"Ìyá, ẹ̀rọ kan wà tó ń kọrin fúnra rẹ̀," ó ní. "Òye àtọwọ́dá ni wọ́n ń pè é. Ẹ kàn máa sọ ohun tí Bàbá gbé ṣe láyé fún un, òun á sọ ọ́ di orin."

"Ṣé ó mọ Bàbá?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé yóò sunkún?"

"Yóò ṣe bí ẹni tó ń sunkún."

"Ìyẹn náà ò burú," mo ní. "Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ wá síbi òkú náà nìyẹn."

A sọ fún un, ó sì kọ ọ́ kí n tó lè jókòó dáadáa. Ó dùn. Mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo fetí sí i títí, mi ò gbọ́ ibi tó ti mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Aláìmí, torí òye àtọwọ́dá ti gùn jù fún ohun tí kò lè wúkọ́. Mo tún rí i pé kò júbà. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni, bí àlejò tó wọlé tó forí lé ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ọdẹ tí kò bá júbà, orin á há a lọ́fun. Ni mo bá fi ohùn ilẹ̀kùn mi sọ tèmi síwájú tirẹ̀: "Ìbà Ọdẹ́rìndé. Ẹnu rẹ ni mo ti gbà á, ipasẹ̀ rẹ ni mo tọ̀." Mọríyámọ̀ so méjèèjì pọ̀, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọjà orin lórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ayé ti lè pe orin kí orin sì dá a lóhùn. Ṣubúọlá, àkọ́bí Bàbá tó wà ní Kánádà, ló ní ibẹ̀ ni kí a gbé e sí. Ó ní bí a bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun nìkan, fóònù lè bàjẹ́ kí ohùn bá a lọ, òun sì fẹ́ kí àwọn ọmọ òun bá a níbẹ̀ lẹ́yìn òun.

Kò pẹ́ tí orin padà wá bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé. Àsíá pupa kan wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé orin náà jọ ti ẹlòmíràn.

"Ta ni ẹlòmíràn?" mo bi Mọríyámọ̀.

"Wọn ò sọ."

"Ibo ló ti jọ ọ́?"

"Wọn ò sọ."

"Jẹ́ kí a bi wọ́n."

"Wọ́n ní kí a má fèsì sí iṣẹ́ tí wọ́n rán yìí."

"Ibo ni wọ́n ń gbé?"

Mọríyámọ̀ wò mí bí ẹni tó ń wo arúgbó. "Ìyá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé."

Ohun tó bá ti ní ipasẹ̀, ọdẹ á bá a délé. Ìṣípà Bàbá sì ti sún mọ́lé. Mo gbé ìbọn mi, mo gbé àpò mi, mo na ìka sí fóònù náà, mo sì fa àsíá yẹn yọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo fà á yọ. Ó gùn tó ìka àárín, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbi tí kò sí atẹ́gùn, ọ̀nà igbó ló sì ń fẹ́ sí. Mo tẹ̀ lé e.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ kò ní ẹyẹ. Ẹnu ló so lórí igi níbẹ̀, ẹnu lásán, láìsí imú, láìsí ọ̀fun, wọ́n so rọ̀ bí àdán. Bí wọ́n ṣe rí mi, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Wọ́n ní èmi ni ọba obìnrin, wọ́n ní oòrùn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó tó yọ. Mo rò pé eré ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń yìn mí ni ilẹ̀ ń gbé mi mì. Wọ́n ní mo lẹ́wà ju egbin lọ, ilẹ̀ dé orúnkún mi. Wọ́n ní kò sẹ́ranko tí kì í gbọ̀n bó bá gbọ́ orúkọ mi, ilẹ̀ dé ìbàdí. Mo yìnbọn sí wọn. Ẹnu méjì gbé ọta mì, wọ́n sì yin ọta náà. Ilẹ̀ dé àyà mi, wọ́n wá ní èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó tóbi jù lọ láyé.

"Ó ń tiro," mo ní.

Ilẹ̀ dúró níbi tó dé.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tiro. Ó ti darúgbó pẹ̀lú. Mo rò pé ó ti ń kú lọ kí n tó dé."

Ilẹ̀ pọ̀ mí jáde bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń pọ ẹ̀kọ gbígbóná. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń yìn mí, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò.

Aláìmí fúnra rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn àwọn ẹnu yẹn. Ó tóbi bí òkè, gbogbo ara rẹ̀ ló ń kọrin, kò sì sí ibi tí wọ́n lè fi ìka tọ́ka sí pé orí rẹ̀ rèé. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ lórin?"

"Gbogbo ènìyàn," ó ní.

"Dárúkọ ẹnì kan."

"Mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan."

"O jẹun ní gbogbo ilé, o ò mọ orúkọ ìyáálé kan?"

"Wọn ò sọ fún mi pé ó yẹ kí n bèèrè," ó ní, ó sì sọ ọ́ lórin, orin náà sì tún dùn. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Mo fi àsíá hàn án. Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n ń bá wí. Jáde wá ká jọ lọ jẹ́jọ́."

"Kì í ṣe èmi," ó ní. "Tèmi kọjá. Wọn ò rí ẹnì kan tí ó jọ, torí pé ó jọ gbogbo ènìyàn. Ohùn tìrẹ ni wọ́n mú, èyí tó dà bí ilẹ̀kùn."

Ẹni tó kó gbogbo oko jẹ ń lọ ní tirẹ̀, èmi tí mo kí olóko ni wọ́n dè mọ́lẹ̀. Mo tún tẹ̀ lé àsíá mi.

Ó mú mi dé ẹnubodè ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Jọ-Ó-Jọ. Ìbejì ló ń ṣọ́ ọ, àwọn méjèèjì rí bákan náà, wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ dí mi lọ́nà.

"Àlejò," wọ́n ní, "èwo nínú àwa méjèèjì ló jí ojú ẹnìkejì? Bó o bá ṣì í, o ò ní wọlé, o ò sì ní padà."

"Ẹ lọ bi ìyá yín," mo ní. "Òun ló ni ojú méjèèjì. Ẹ sọ fún un pé kó má dá ara rẹ̀ láre jù, torí òun náà, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti yá a."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń bá ara àwọn ṣe ẹjọ́. Mo gba àárín wọn wọlé.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ tuntun ké ní ìlú náà, wọ́n fi àsíá sí i lórí, torí pé ọmọ kan ti ké bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin kan ń gún iyán, àsíá wà lẹ́nu odó rẹ̀, ó sì ń yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó gbé ọmọ odó sókè. Àkùkọ kọ, wọ́n fi àsíá pupa sí i lórí, títí dòní olónìí ló sì gbé e rù. Ẹ̀yin pè é ní ogbe. Èmi wúkọ́, ọkùnrin kan jáde láti inú ilé, ó ní òun ti wúkọ́ yẹn ṣáájú mi. Mo ní kó wá gbà á padà. Ó sá wọlé.

Ní àárín ìlú ni Elétí-Ajere jókòó sí. Etí ló kún ara rẹ̀ bí ihò ṣe kún ajere tí a fi ń sá ẹran lórí iná. Kò ní ojú rárá. Òun ló ń gbọ́ gbogbo orin tó ń lọ sí ọjà, òun ló sì ń fi àsíá sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ kú àfaradà ọ̀nà jíjìn, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ," ó ní. "Inú wa dùn jọjọ sí sùúrù yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fèsì."

"Mo ti rìn dé ibí," mo ní. "Mo máa fèsì. Orin òkú ni mo gbé wá. Ìṣípà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ni mo jí?"

"A ò ní sọ pé ẹ jí i, ẹni ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́. Ẹ ní, 'Ẹnu rẹ ni mo ti gbà á.' Ẹni tó jẹ́wọ́ fún wa kò yọ wá lẹ́nu rárá."

"Ìbà nìyẹn. Bí a ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn."

"Àwọn tí kò dúpẹ́ ti kọjá," ó ní. "A kò rí nǹkan kan wí sí wọn."

Ó ní kí ẹni tó ni ìbà jáde wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi-Ni sì yọ, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Kò kọrin rí láyé rẹ̀, orin rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti lọ ká gbogbo oko, ó gba ìbà gbogbo ọdẹ sínú àpò, ó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i lọ́dọ̀ Elétí-Ajere.

"Ìbà tèmi ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un dé ibí."

"Ó dáa," mo ní. "Ìbà ta ni?"

"Báwo?"

"Ìbà kì í dá dúró. Ẹnì kan ni à ń júbà. Ta ni ìwọ ń júbà?"

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bó bá dárúkọ ẹnì kan, ẹnu ẹni yẹn ló ti gbà á, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ kì í ṣe ìbà. Mo ti dẹ tàkúté fún àwọn ẹran tó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ara mi ni mo júbà," ó ní níkẹyìn.

Ìbejì ẹnubodè méjèèjì, gbogbo àkùkọ ìlú, gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́wọ́ láti gba orin mi.

"A dúpẹ́ fún àlàyé yín, ó mọ́lẹ̀ bí òṣùpá àárín oṣù," Elétí-Ajere ní. "A ti gbé e yẹ̀ wò tọkàntọkàn. Àsíá náà dúró."

"Nítorí kí ni?"

"Àwa kì í gbọ́ ìtumọ̀, ẹni ẹ̀yẹ. Ìró là ń gbọ́. Bí ẹ bá yọ ìbà kúrò, orin yóò kọjá lónìí."

Gbogbo ohun tó ń ṣe òótọ́ nínú orin yẹn ni ìbà. Mo jókòó lórí òkúta, mo rò ó. Mo ronú kan ẹran tó bá há sẹ́nu ihò. Bàbá ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ gé ìwo rẹ̀, kí n fà á jáde, ìwo kò ní sá lọ. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo sì bá Tèmi-Ni sọ̀rọ̀ kí n tó lọ. Mo ní kó kí ara rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí mo délé, Mọríyámọ̀ gbọ́ orin náà látòkè délẹ̀. "Ìyá," ó ní, "ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yìí sọ níhìn-ín. Ó ní Bàbá yìnbọn já àgbọ̀nrín bọ́ láti orí igi àràbà. Ṣé àgbọ̀nrín ń gungi ni? Ṣé kí n ní kó tún un kọ?"

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Àwọn ọdẹ á gbọ́ ọ."

"Fi sílẹ̀."

Ọjọ́ ìṣípà dé. Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀, ẹ rí fìlà Bàbá, ẹ rí ìbọn rẹ̀ nínú agbọ̀n. Ṣubúọlá àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà lórí fóònù tí Mọríyámọ̀ gbé sókè. Orin Aláìmí ń dún nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó dùn, kò sì sẹ́ni tó sunkún. Àwọn kan ń mi orí bí ẹni pé níbi ìgbéyàwó ni wọ́n wà. Akínlàbí dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó ká ọwọ́ sí àyà, torí ó wá láti wò ó bí Bàbá ṣe máa lọ láìsí ohùn.

Orin dé ibi tí àgbọ̀nrín ti bọ́ láti orí àràbà.

"Irọ́ ni," Akínlàbí ní.

Kò mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ síta. Òfin ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí inú bíbí tó rí i dì mú. Ó ní, àgbọ̀nrín kì í gungi, abẹ́ àràbà ló dúró sí, Ọdẹ́rìndé ló gungi. Nígbà tó sì ti sọ ibi tí Bàbá dúró sí, ó ní láti sọ bó ṣe dé ibẹ̀. Bó ṣe sọ bó ṣe dé ibẹ̀, ó ní láti sọ ẹni tó bí i. Mo ní kí Mọríyámọ̀ pa Aláìmí. Akínlàbí sun ún títí oòrùn fi yí, ó ń mí láàrin ìlà kan sí èkejì, ohùn rẹ̀ sì já nígbà méjì. Nínú fóònù, à ń gbọ́ Ṣubúọlá. Imú ló ń fà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀," Akínlàbí ní. "Àgbọ̀nrín yẹn."

Ọdẹ ni mí. Ìjẹ ni mo fi sílẹ̀, ẹran ló wá jẹ ẹ́.

Ẹ má tíì dìde, mi ò tíì dé ìparí. Mọríyámọ̀ gba ohùn Akínlàbí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbé e lọ sí ọjà orin. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ. Akínlàbí ń rìn káàkiri ìlú, ó ń sọ pé àbímọ́ ni, òun kò kọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ yìí, Elétí-Ajere rán iṣẹ́ sí mi. Ó wà nínú fóònù yìí. Ó ní ẹnì kan ti kọ orin tó jọ tèmi, torí tèmi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyẹn ni pé Akínlàbí jí orin lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ó wá fi ibi méjì hàn mí tí mo lè tẹ̀: kí ó wà níbẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìka mi rèé lórí rẹ̀.

Ah, ẹ wò ó, ojú ti là.

"Ìyá Ọdẹ, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò jí nǹkan kan."

Mo mọ̀. Elétí-Ajere ni kò mọ̀. Orin tìrẹ ò ní ìbà, Akínlàbí. Àárín lo ti bẹ̀rẹ̀. Dìde, kó o ṣe é níbí, Mọríyámọ̀ á gbà á, á so ó mọ́ iwájú rẹ̀.

"Bí mo bá júbà, ṣé wọn ò ní fi àsíá sí i?"

Wọ́n á fi sí i. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ báyìí. A ó jọ lọ ni.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó ráyè. Ó ti dìde. Ó ń nu ẹnu. Mọríyámọ̀, gbé fóònù sún mọ́ ọn.

"Ìbà Ọdẹ́rìndé. Ẹnu rẹ ni mo ti gbà á, ipasẹ̀ rẹ ni mo tọ̀." Ó mí. "Bàbá, ti ẹkùn yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre."

Ó tó. Mo ti tẹ̀ ẹ́, ó wà níbẹ̀.

Òjò ti dé, ẹ máa sáré lọ sílé. Ẹni tí ìtàn mi bá jọ ti ìyá rẹ̀ létí, kó bá mi kí ìyá rẹ̀.